Fáànù Kọ̀ǹpútà: Irin ni àbí Ike?

Ìlú òkè 41 ni wọ́n ń pe Ìdáàṣà, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Tí oòrùn bá mú, àpáta á gbóná. Tí ọyẹ́ bá dé, eruku á bo gbogbo nǹkan. Kọ̀ǹpútà kò fẹ́ ooru, kò sì fẹ́ eruku.

Kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ máa ń gbóná. Tí ó bá gbóná jù, ó lè kú lójijì. Iṣẹ́ tí a kò tíì tọ́jú sínú rẹ̀ á sì sọnù. Nítorí náà ni fáànù kékeré ṣe wà nínú rẹ̀. Ó ń fẹ́ ooru jáde.

Ike fúyẹ́. Kì í dípẹtà. Ó rọrùn láti yí. Ṣùgbọ́n ó lè kán.

Irin le. Ooru kì í tètè bà á jẹ́. Ṣùgbọ́n ó wúwo, ó sì lè gé ni ní ìka.

Nínú kọ̀ǹpútà ilé ẹ̀kọ́, fáànù oníke ló dára jù. Irin náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ó jókòó sórí ibi tó ń gbóná, ó ń fa ooru kúrò níbẹ̀. Ike á wá fẹ́ ooru náà lọ.

Bí eruku bá dí fáànù, kò ní lè fẹ́ dáadáa mọ́. Ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ pe olùkọ́.

Ìbéèrè
1. Kí ló lè ṣẹlẹ̀ sí kọ̀ǹpútà tó gbóná jù?
2. Kí nìdí tí ike fi dára fún fáànù?
3. Iṣẹ́ wo ni irin ń ṣe?