Ẹ̀KỌ́ KEJÌLÁ: ÀMÌ KÉKERÉ INÚ ÌWÉ ÀYẸ̀WÒ Ẹ̀JẸ̀

Bí obìnrin bá ti mọ̀ pé òun lóyún, kí ó lọ sí ilé ìgbẹ̀bí kí oṣù mẹ́ta tó pé. Kí ó má dúró títí ikùn yóò fi yọ.

Wọn yóò fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ní apá rẹ̀. Kò ju ṣíbí kékeré kan tàbí méjì lọ, kò sì lè mú kí ẹ̀jẹ̀ tán lára, bí àwọn kan ti ń bẹ̀rù. Wọn yóò wò ó bóyá ẹ̀jẹ̀ tó lára, àti bóyá àrùn kan wà tí ó lè ran ọmọ. Wọn yóò tún wo oríṣi ẹ̀jẹ̀.

Ẹ wo ìwé náà dáadáa. Ẹ ó rí A, B, AB tàbí O, ẹ ó sì rí + tàbí − lẹ́yìn rẹ̀. A ti kọ́ àmì méjèèjì nínú ìṣirò, ṣùgbọ́n a kò ro nǹkan pọ̀ níbí. Àmì + sọ pé ohun tí dókítà ń pè ní rẹ́súsì wà nínú ẹ̀jẹ̀. Àmì − sọ pé kò sí. Kì í ṣe àrùn. Púpọ̀ nínú wa ni ó ní +.

Bí ìyá bá jẹ́ −, tí bàbá jẹ́ +, ọmọ lè jẹ́ + bíi bàbá rẹ̀. Ọmọ àkọ́kọ́ a sábà wá láìsí wàhálà. Ṣùgbọ́n nígbà ìbímọ, ẹ̀jẹ̀ ọmọ lè wọ inú ti ìyá. Ara ìyá a kà á sí àlejò, a sì kọ́ bí yóò ti bá a jà. Bí oyún mìíràn bá dé, tí ọmọ náà tún jẹ́ +, ara ìyá a máa ba ẹ̀jẹ̀ ọmọ jẹ́. Ọmọ lè kú sínú, tàbí kí wọ́n bí i pẹ̀lú ibà pọ́njú tí ó le. Ilé mélòó ni wọ́n ti pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní àbíkú, tí wọ́n sì di ẹ̀bi ru orogún tàbí ìyá arúgbó kan!

Láti ọdún 1968 ni abẹ́rẹ́ kan ti wà fún un. Orúkọ rẹ̀ ni anti-D. Bí ọmọ bá jẹ́ +, wọn a gún ìyá tí ó jẹ́ − kí wákàtí 72 tó kọjá lẹ́yìn ìbímọ. Bí oyún bá bàjẹ́, kí ó béèrè rẹ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n bí ara bá ti kọ́ ìjà náà, abẹ́rẹ́ kò lè mú un gbàgbé. Dókítà ni yóò máa ṣọ́ oyún náà. Abẹ́rẹ́ yìí wọ́n, kì í sì í sí níbi gbogbo. Ẹni tí ó mọ àmì rẹ̀ láti oṣù kejì ní àyè láti wá a. Kí bàbá náà lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò.

Ẹ dáhùn:
1. Kí ni O− fi hàn?
2. Wákàtí 72 jẹ́ ọjọ́ mélòó?
3. Kí ló dé tí ọmọ àkọ́kọ́ fi máa ń yè?