Aago Tó Ń Ṣọ́ Ọkàn



Nígbà tí Màmá àgbà wà ní ilé ìwòsàn kan nítòsí Denton, mọ́nítọ̀ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn. Ó ń fi bí ọkàn wọn ṣe ń lù hàn. Tí wọ́n bá ti sùn lọ báyìí, á bẹ̀rẹ̀ sí í ké: píìn! píìn! Ẹ̀rù bà mí gan-an. Mo rò pé wọ́n ń kú lọ ni.

Mọ́mì mi, tí wọ́n jẹ́ nọ́ọ̀sì, ṣàlàyé fún mi. Ọkàn àgbàlagbà tó jókòó jẹ́ẹ́ máa ń lù ní ìgbà 60 sí 100 láàárín ìṣẹ́jú kan. Nọ́ọ̀sì máa ń fún mọ́nítọ̀ ní nọ́ḿbà méjì, ọ̀kan nísàlẹ̀, ọ̀kan lókè. Bí ọkàn bá kọjá èyíkéyìí nínú wọn, aago á ké.

50 ni nọ́ḿbà ìsàlẹ̀ ti Màmá àgbà. Ṣùgbọ́n oògùn wọn máa ń jẹ́ kí ọkàn wọn rọra lù. Tí wọ́n bá sùn, á di 48. Dókítà yẹ̀ wọ́n wò, wọ́n ní kò sí wàhálà. Nọ́ọ̀sì wá yí 50 sí 45. Yàrá dákẹ́.

Mo ní, "Mọ́mì, ṣé wọn ò kúkú lè pa aago náà ni?"

Wọ́n ní, "Rárá o! Kì í ṣe iye nìkan ló ń ṣọ́." Bí ọkàn bá dúró, tàbí tó ń gbọ̀n dípò kó lù, mọ́nítọ̀ á ké kíkankíkan, á sì tan iná pupa. Nígbà yẹn, gbogbo èèyàn á sáré wá.

Ṣùgbọ́n ajá tó ń gbó ṣáá, ta ló máa dìde wò ó? Ní Boston Medical Center, ní wọ́ọ̀dù kan, wọ́n yí 50 sí 45, wọ́n yí 120 sí 130, wọ́n sì tún àwọn aago mìíràn tò. Ìròyìn tí wọ́n kọ ní 2014 sọ pé aago tó ń ké ju ìgbà 87,000 lọ lọ́sẹ̀ kan tẹ́lẹ̀ kò tó 10,000 mọ́.

Ẹ dán an wò: Ẹ fi ìka méjì sí ọrùn ọwọ́ yín. Ẹ ka bó ṣe ń lù fún ìṣẹ́jú àáyá 30, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Lẹ́yìn náà, ẹ fò sókè ní ìgbà 20, kí ẹ tún un kà.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí nọ́ḿbà kan náà kò fi lè bá gbogbo aláìsàn mu?