Bí Service Bá Dákẹ́, Ẹ Má Kánjú Ránṣẹ́ Kejì

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ sọ́fítíwíà, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tú ètò ńlá kan palẹ̀ sí oríṣiríṣi web service, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí kí iṣẹ́ yín tó bọ́ sọ́wọ́ aráàlú.

Nígbà tí gbogbo ètò ṣì wà nínú kọ̀ǹpútà kan, bí apá kan bá pe òmíràn, yóò mọ̀ bóyá ó ṣe é tàbí kò ṣe é. Ti service yàtọ̀. Orí nẹ́tíwọ̀kì ni ìpè ń gbà, ó sì lè dákẹ́ lọ gbári. Ẹni tó pè kò wá ní mọ̀ bóyá iṣẹ́ ti parí tàbí kò tilẹ̀ débẹ̀ rárá. Láti bí ọdún 1994 ni L. Peter Deutsch ní Sun Microsystems ti to àwọn èrò òdì tó ń ba irú iṣẹ́ yìí jẹ́ jọ, èyí tó ṣáájú nínú wọn sì ni gbígbà pé nẹ́tíwọ̀kì kì í já. A ṣì ń kọ kóòdù bí ẹni pé kì í já.

Ẹ jẹ́ ká ní ẹnì kan ra ìrẹsì ₦45,000 lọ́jà, ó sì sanwó lórí fóònù. Owó kúrò, ó dé ọ̀dọ̀ ìyá tó ń ta ìrẹsì, àmọ́ ìdáhùn já sọ́nà bó ṣe ń padà bọ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá 30, kóòdù tó sọ pé “bí kò bá dáhùn, tún un rán” bá tún un rán. ₦90,000 ti lọ, owó ilé ìwé ọmọ sì wà nínú rẹ̀. Ẹ rántí oṣù kejì ọdún 2023, nígbà tí kéèṣì wọ́n gógó nítorí pípààrọ̀ owó náírà: owó ń kúrò lápò ẹnì kan láìdé ọ̀dọ̀ ẹnì kejì, ìjà sì ń ṣẹlẹ̀ nídìí ọjà.

Ní ìlànà HTTP, bí ẹ bá tún PUT tàbí DELETE rán, ibi kan náà ló yẹ kó já sí. POST kò ṣe irú ìlérí bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹ fún ìsanwó kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀. Kí service tó ń yọ owó kọ nọ́ńbà náà sínú dátábéèsì lẹ́ẹ̀kan náà tó ń yọ owó, kí dátábéèsì má sì gbà á lẹ́ẹ̀mejì. Bí nọ́ńbà yẹn bá tún padà wá, ìdáhùn àkọ́kọ́ ni kó dá padà. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe rèé: wọ́n ń ṣẹ̀dá nọ́ńbà náà nínú ibi tí kóòdù ti ń tún un rán, ìpè kọ̀ọ̀kan wá ń gbé nọ́ńbà tuntun dé. Ìgbà tí oníbàárà bá tẹ bọ́tìnnì ni kí ẹ ṣẹ̀dá rẹ̀.

Ẹ má sì kọ ọ́ sójú fóònù pé owó kò lọ nígbà tí ẹ kò tíì mọ̀. Ẹ kọ ọ́ pé ẹ ṣì ń yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ sì béèrè ipò rẹ̀ lọ́wọ́ service náà.

Kí ẹ tó gbé iṣẹ́ yín jáde, ẹ jẹ́ kí service yọ owó ìdánwò tán, kí ẹ já nẹ́tíwọ̀kì kó tó dáhùn, kí ẹ sì tún un rán. Bí owó bá yọ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ má gbé e jáde.