Apá Tó Kú, Tó Tún Jí

Ìyàwó awakọ̀ kan kọ̀wé láti Ìbàdàn. Ó ní ọkọ òun ń jẹ àmàlà lọ́wọ́ nígbà tí òkèlè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún kò ṣeé gbé mọ́, ẹnu wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ahọ́n sì wúwo. Kó tó tó ogún ìṣẹ́jú, gbogbo rẹ̀ ti lọ. Bàbá rẹ́rìn-ín, ó parí oúnjẹ rẹ̀, ó ní àárẹ̀ lásán ni, òun yóò rí dókítà níparí oṣù. Ìyàwó ń béèrè bóyá ó lè dúró dìgbà náà.

Kò lè dúró. Kí ojú ìwé yìí tó jáde la ti dá a lóhùn lórí fóònù. Ẹlòmíì tí irú rẹ̀ lè ṣe la ń kọ èyí fún.

TIA làwọn dókítà ń pè é. A lè pè é ní rọpárọsẹ̀ ránpẹ́. Ẹ̀jẹ̀ dídì ló dí iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọpọlọ, tó sì tètè tú. Ṣùgbọ́n ibi tó ti wá ṣì wà níbẹ̀: bóyá ọ̀rá tó lẹ̀ mọ́ iṣan ọrùn, bóyá ọkàn tí kì í lù déédéé. Ara tó yá yẹn gan-an ló ń tan èèyàn jẹ.

Ní 2000, Claiborne Johnston àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí jáde lórí aláìsàn 1,707 tí irú rẹ̀ ṣe ní àríwá California. Kí 90 ọjọ́ tó pé, rọpárọsẹ̀ gidi ti kọlu 180 nínú wọn. Nínú 180 yìí, láàárín ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ ló ti dé bá 91.

Nílùú Oxford, Peter Rothwell àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní 2007 pé a lè dá a dúró. Tẹ́lẹ̀, ó ń tó nǹkan bíi 20 ọjọ́ kí aláìsàn tó gba oògùn àkọ́kọ́. Wọ́n sọ ọ́ di ọjọ́ kan. Àwọn tí rọpárọsẹ̀ ń kọlù láàárín 90 ọjọ́ sì já wálẹ̀ láti nǹkan bíi 10 nínú 100 sí 2. Oògùn tuntun kọ́ o! Aspirin, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ tá a ti mọ̀ tipẹ́ ni. Ìyára ni wọ́n fi kún un.

Nítorí náà, ilé ìwòsàn lónìí, kí ẹlòmíì sì wa ọkọ̀. Kí wọ́n má fún un ní aspirin nílé, torí bó bá jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ń ya nínú ọpọlọ, yóò dá kún un. Àyẹ̀wò ni yóò sọ. Bí ará ilé bá ní ayé ló ta á lọ́fà, kí wọ́n gbàdúrà nínú ọkọ̀ tó ń gbé e lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ aago tí òkèlè bọ́ sílẹ̀ fún dókítà.