Bàtà aṣọ tí ń yọ̀: kí la lè fi sí ìsàlẹ̀ rẹ̀?

Ìbéèrè: Aránṣọ ni mí ní Manigri, ní orílẹ̀-èdè Benin. Mo máa ń fi àjákù bùláńkẹ́ẹ̀tì onírun rán bàtà inú ilé fún àwọn àgbà, pàápàá nígbà ọyẹ́. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé ó móoru, àmọ́ ó ń yọ̀ lórí sìmẹ́ńtì dídán. Ìyá ọkọ mi fẹsẹ̀ yọ̀ ní ìdájí, lẹ́yìn àlùwàlá, Ọlọ́run ló yọ wọ́n. Mo lẹ rọ́bà mọ́ ìsàlẹ̀ bàtà náà, ó ṣí lọ́jọ́ kejì. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ bá wa kí ìyá. A dúpẹ́ pé wọn ò fara pa, torí eegun ìbàdí àgbàlagbà kì í tètè jiná.

Ohun tó gbé wọn ṣubú ni omi. Irun àti òwú máa ń fa omi mu. Ẹsẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nídìí kẹ́tù àlùwàlá wọ inú bàtà, omi sì ti dà sẹ́nu ọ̀nà. Bí ìsàlẹ̀ bàtà bá ti rin gbingbin, kò lè ti omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó tó tẹ ilẹ̀. Orí omi ni ìyá ń rìn, kì í ṣe orí sìmẹ́ńtì. Eruku ọyẹ́ náà ò gbẹ́yìn, torí ó máa ń yí lábẹ́ aṣọ tó bá gbẹ. Àwọn ará Rọ́ṣíà mọ ọ̀rọ̀ omi yìí tipẹ́. Wọ́n ní bàtà kan tí wọ́n ń pè ní valenki, irun àgùntàn tí wọ́n lù pọ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é, àmọ́ bí yìnyín bá ti ń yọ́ di omi, bàtà rọ́bà ni wọ́n ń kì bọ̀ ọ́ níta. Ẹ jẹ́ kí irun ṣe iṣẹ́ ooru, kí rọ́bà ṣe iṣẹ́ ilẹ̀.

Rọ́bà wo wá ni? Ẹ má lo táyà fúnra rẹ̀. Ó dára fún sálúbàtà oko, ṣùgbọ́n ó le, ó sì wúwo jù fún ẹsẹ̀ àgbà nínú ilé. Rọ́bà inú táyà ọkọ̀ akẹ́rù ni kí ẹ wá. Àwọn ọkọ̀ ńlá tó ń gba Bassila kọjá lọ sí Djougou kì í jẹ́ kó wọ́n àwọn fọkanáísà ẹ̀bá títì. Ti alùpùpù zẹ́míjàn fẹ́lẹ́ jù. Rọ́bà tó rọ̀ máa ń wọ inú ihò wẹ́wẹ́ tó wà lára sìmẹ́ńtì, ohun tó ń mú un di ilẹ̀ mú nìyẹn. Àmọ́ bó bá tẹ́ pẹrẹsẹ, omi ò ní ríbi gbà jáde. Ní 1935, ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Paul Sperry rí i pé ajá òun ń sáré lórí yìnyín láìyọ̀. Ó wo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, ó rí àwọn ìlà wẹ́wẹ́ níbẹ̀, ló bá fi ọ̀bẹ fa ìlà sí ìsàlẹ̀ bàtà rọ́bà rẹ̀. Rọ́bà tiyín ò nípọn tó èyí tí a lè fi ọ̀bẹ fà. Ẹ gé e ní ọ̀já tó fẹ̀ tó ìka kan, kí ẹ tò ó ní ìdábùú, kí àlàfo tó igi ìṣáná wà láàárín, kí àlàfo náà sì dé etí bàtà níhà méjèèjì.

Ẹ má lẹ rọ́bà mọ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì ní tààrà mọ́. Irun òkè nìkan ni gọ́ọ̀mù dì mú, òun ló já tí rọ́bà fi ṣí. Aṣọ jíǹsì tàbí awọ ewúrẹ́ ni kí ẹ gé sí ìwọ̀n ìsàlẹ̀ bàtà, òun ni ẹ ó lẹ ọ̀já rọ́bà mọ́. Ẹ fọ ẹ̀tù funfun kúrò lára rọ́bà, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ fi sáńpépà ha á títí dídán rẹ̀ yóò fi lọ. Ẹ fi gọ́ọ̀mù àwọn aránbàtà pa ojú méjèèjì, kí ẹ dúró títí kò fi ní lẹ̀ mọ́ ìka mọ́, kí ẹ tó pa wọ́n pọ̀, kí ẹ sì fi òòlù lù ú. Lẹ́yìn náà, ẹ fi òwú tó nípọn rán ọ̀já kọ̀ọ̀kan mọ́ ọn nígbà tó ṣì tẹ́ sílẹ̀, kí ẹ tó wá rán gbogbo rẹ̀ mọ́ bàtà. Ìta gbangba ni kí ẹ ti máa lo gọ́ọ̀mù náà, kó jìnnà sí iná àti ọmọdé. Ní Ítálì àti Japan, àwọn òṣìṣẹ́ bàtà wà tí èéfín irú gọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀ sọ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wọn di aláìlágbára.

Ọ̀rọ̀ tó ká mi lára jù rèé: ẹ má fi rọ́bà bo gbogbo ìsàlẹ̀ bàtà. Ọ̀pọ̀ àgbà kì í gbé ẹsẹ̀ sókè dáadáa mọ́, wọ́n ń wọ́ ọ ni. Bí rọ́bà bá wà níwájú ọmọ ìka, yóò di ilẹ̀ mú lójijì, ẹsẹ̀ á dúró, ara á sì máa lọ. Ẹni tí ì bá fẹ̀yìn lélẹ̀ á wá dojú bolẹ̀. Nítorí náà, kí rọ́bà bẹ̀rẹ̀ láti abẹ́ ibi tí ìka ti tẹ̀, kó lọ títí dé gìgísẹ̀, kí etí iwájú sì tẹ̀ sókè díẹ̀. Ẹ ní kí ìyá rìn lójú yín láìwọ bàtà, kí ẹ wo bí wọ́n ṣe ń gbé ẹsẹ̀, kí ẹ tó gé ohunkóhun.

Èkejì ni ẹ̀yìn bàtà. Mo fura pé èyí tí ẹ ń rán kò ní ẹ̀yìn, kó lè rọrùn láti bọ́ lẹ́nu ọ̀nà mọ́sálásí. Irú bàtà bẹ́ẹ̀ ń yọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ fúnra rẹ̀, rọ́bà ò sì lè ṣe nǹkan kan sí i. Ẹ rán ẹ̀yìn sí i, kí ẹ fi irú rọ́bà tí a ń fi sí ìbàdí ṣòkòtò sínú etí ẹ̀yìn náà. Á di gìgísẹ̀ mú, á sì rọrùn bọ́.

Ẹ dán an wò kí ìyá tó wọ̀ ọ́. Ní Jámánì, àwọn tó ń yẹ ilẹ̀ táìsì wò máa ń ní kí ènìyàn rìn lórí rẹ̀, wọ́n á sì máa gbé ìpẹ̀kun rẹ̀ kan sókè díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi yọ̀. Ẹ ò nílò ènìyàn: ẹ da omi sórí táìsì kan, kí ẹ gbé bàtà tuntun àti ti àtijọ́ sórí rẹ̀, kí ẹ fi òkúta tó wúwo bákan náà sínú àwọn méjèèjì, kí ẹ máa gbé táìsì náà sókè níhà kan. Bí wọ́n bá yọ̀ pa pọ̀, iṣẹ́ ṣì kù.

Omi tútù àti ọṣẹ ni kí ẹ fi máa fọ̀ ọ́, inú ibòji ni kí ẹ sá a sí, torí oòrùn máa ń mú kí rọ́bà sán. Nígbà tí ọ̀já bá ti jẹ débi pé àlàfo àárín wọn ò hàn mọ́, ẹ tú okùn ìdí bàtà, kí ẹ rán ìsàlẹ̀ tuntun sí i. Ara bàtà á ṣì wúlò.