Páìpù Afẹ́fẹ́ Láti Houston

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Houston fi páìpù afẹ́fẹ́ kan ránṣẹ́ sí mi fún Toyota Corolla mi, ti ọdún 2005. Páìpù irin dídán ni, fíltà pupa kan sì wà lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní tí mo bá fi rọ́pò àpótí dúdú tí fíltà wà nínú rẹ̀, mọ́tò á máa sáré, epo tó ń jẹ á sì dínkù. Mẹkáníìkì mi wò ó, ó mi orí, ó ní òun ò ní fọwọ́ kàn án, pé ẹ́ńjìnnì á kú. Ìyàwó mi ní kí n lọ tà á. Ṣé mo lè dè é fúnra mi nílé? Ṣé kò ní ba mọ́tò jẹ́? (Onímọ́tò, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹni tó bá lè pààrọ̀ bátìrì á ṣe iṣẹ́ yìí láàárọ̀ Sátidé kan kí oòrùn tó mú. Ẹ kò ní tú ẹ́ńjìnnì, bí páìpù náà kò bá sì tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ lè dá ti àtijọ́ padà lọ́jọ́ kejì. Ṣùgbọ́n ẹ má bínú sí mẹkáníìkì yín. Ó ti rí ohun tí omi àti eruku ń ṣe fún ẹ́ńjìnnì, ẹnu páìpù yìí sì ni àwọn méjèèjì ń gbà wọlé.

Ẹ̀gbọ́n yín ni mo fẹ́ kọ́kọ́ bá wí díẹ̀. Látìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, ta ni kò wá ohun tó máa dín epo kù? Èyí kọ́ ni. Kọ̀ǹpútà ló ń bu epo nínú mọ́tò yín: ó ń wo afẹ́fẹ́ tó wọlé, ó sì ń bu epo tó bá a mu, nǹkan bí ìwọ̀n 14.7 afẹ́fẹ́ sí ìwọ̀n 1 epo. Bí afẹ́fẹ́ bá pọ̀ sí i, epo náà á pọ̀ sí i. Àwọn onímọ̀ ní Oak Ridge ní Amẹ́ríkà tiẹ̀ dán an wò ní 2009. Wọ́n fi fíltà tó ti dí sára mọ́tò tí kọ̀ǹpútà ń bu epo fún, epo tó ń jẹ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Eré rẹ̀ ló dínkù. Ní ti eré yẹn náà, láti Mọ́kọ́lá dé Challenge, ẹ̀ẹ̀melòó lẹ máa ń tẹ tọ́tù dé ilẹ̀? Nígbà tí ẹ kò bá tẹ̀ ẹ́ tán, ilẹ̀kùn kékeré tí tọ́tù ń ṣí lẹ́nu ẹ́ńjìnnì ló ń dí afẹ́fẹ́ lọ́wọ́, kì í ṣe àpótí dúdú yẹn. Ariwo ni ẹ máa rí gbà dájú, nítorí àpótí náà ló ń bá wa pa ohùn ẹ́ńjìnnì mọ́lẹ̀. Ó jọ pé ìyàwó yín ti mọ̀.

Tó bá ṣì wù yín (kò burú kí nǹkan wu èèyàn), ẹ wo bí páìpù náà ṣe gùn tó. Àwọn kan gùn débi pé fíltà wọn máa ń wà nísàlẹ̀ lẹ́yìn bọ́ńpà, kó lè fa afẹ́fẹ́ tútù. Ní ìlú tó rí omíyalé oṣù Kẹjọ ọdún 2011, èmi ò ní fi irú rẹ̀ sára mọ́tò mi. Omi kò ṣeé fún pọ̀ bí afẹ́fẹ́. Tó bá wọ inú ẹ́ńjìnnì, tí pístọ́ọ̀nù gòkè lọ bá a, irin tó gbé pístọ́ọ̀nù náà á tẹ̀. Ikú tí mẹkáníìkì yín ń sọ nìyẹn. Bí mọ́tò bá kú sínú àgbàrá, ẹ má ṣe síná fún un mọ́, ohun yòówù kí àwọn èrò máa pariwo. Ẹ tì í jáde, kí wọ́n tú púlọ́ọ̀gì kí wọ́n lè rí bóyá omi wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ kúkúrú ni tiyín, tó dúró lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ìyẹn dára jù, àmọ́ ooru ẹ́ńjìnnì lá máa fà. Nínú gósíló, mọ́tò á wúwo díẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù. Ẹ fi fóònù ya bí gbogbo rẹ̀ ṣe wà, lẹ́yìn náà kí ẹ fi sípánà 10 yọ orí bátìrì tó ní àmì ìyọkúrò. Lórí àpótí fíltà ẹ máa rí sẹ́ńsọ̀ kékeré kan tí wáyà márùn-ún wọ̀. MAF ni wọ́n ń pè é (òun ló ń wọn afẹ́fẹ́ fún kọ̀ǹpútà). Ẹyin ni kí ẹ kà á sí. Ẹ tẹ ahọ́n wáyà rẹ̀ kí ẹ tó fà á, ẹ tú ìdè rẹ̀ méjèèjì, ẹ má sì jẹ́ kí ọwọ́ kan wáyà tín-ín-rín inú rẹ̀. Inú páìpù tuntun ló ń lọ, pẹ̀lú rọ́bà róbótó ìdí rẹ̀, kí ihò rẹ̀ sì dojú kọ fíltà bíi ti tẹ́lẹ̀. Nígbà tí àpótí bá ti kúrò, ẹ fi àkísà mímọ́ dí ẹnu ẹ́ńjìnnì kí nọ́ọ̀tì má bàa já sínú rẹ̀. Ẹ rántí yọ àkísà náà.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ń gbàgbé ni rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó so orí ẹ́ńjìnnì mọ́ páìpù (ibẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì ń gbà mí). Bí kò bá wọlé dáadáa, afẹ́fẹ́ tí MAF kò wọ̀n á máa yọ́ wọlé, mọ́tò á máa gbọ̀n, iná ẹ́ńjìnnì á tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Iná yẹn gan-an ló ń já èèyàn láyà, bẹ́ẹ̀ kì í sábà ju ohun tí a kò fún le lọ. Kí ríwáyà (oníná mọ́tò) fi ẹ̀rọ kà á. P0171 ni kí ẹ fi wá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń yọ́ wọlé; bí P0102 bá jáde, ẹ padà sí wáyà MAF. Kí mọ́tò gbọ̀n díẹ̀ lọ́jọ́ kìíní, kọ̀ǹpútà ló ń kọ́ ara rẹ̀.

Ó ku eruku. Ọ̀yẹ́ kò ní ṣàánú fíltà pupa yẹn. Òwú tí wọ́n fi ọ́ìlì pa ni: fífọ̀ ni wọ́n ń fọ̀ ọ́, wọ́n á sá a síbòji, wọ́n á tún fi ọ́ìlì tirẹ̀ pa á díẹ̀. Tí ọ́ìlì bá pọ̀ jù, á lọ lẹ̀ mọ́ MAF. Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni fi kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ fọn ún bí wọ́n ṣe ń fọn ti bébà, nítorí òwú náà lè ya, eruku tó bá sì gba ibẹ̀ wọlé á máa ha inú ẹ́ńjìnnì títí yóò fi máa rú èéfín.

Àpótí dúdú yẹn, ẹ di í sínú ọ̀rá kí ẹ gbé e pamọ́ sílé. Ní oṣù Kẹfà, tí òjò bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbómi sójú títì, ẹ lè fẹ́ dá a padà.