Ògbufọ̀ Láàrin Kọ̀ǹpútà Méjì

Bí ẹni méjì kò bá gbọ́ èdè ara wọn, tí wọ́n sì fẹ́ jọ ṣòwò, ògbufọ̀ ni wọ́n ń wá. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀rọ̀ rí láàrin àwọn kọ̀ǹpútà.

Ìkẹjà àti Agége jẹ́ àgbègbè tí ilé-iṣẹ́ pọ̀ sí ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Kí Nàìjíríà tó gba òmìnira ní ọdún 1960 ni Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ti ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún ilé-iṣẹ́ ní Ìkẹjà. Ní Ìkẹjà yìí kan náà ni ọjà kọ̀ǹpútà Otigba wà, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Computer Village.

Ní ilé-iṣẹ́ kan, kọ̀ǹpútà tí ó ń tọ́jú ìwé ìṣirò ọjà lè jẹ́ ti Unix, ètò tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1969. Ṣùgbọ́n Windows, tí ó jáde ní ọdún 1985, ni ó lè wà lórí tábìlì àwọn akọ̀wé. Èdè tí àwọn méjèèjì fi ń bèèrè fáìlì yàtọ̀ síra. Bí kò bá sí ògbufọ̀, akọ̀wé yóò máa da fáìlì kọ, yóò sì máa gbé e kiri láti yàrá dé yàrá. Láìpẹ́, ìwé ìṣirò kan yóò di méjì, iye inú wọn kò sì ní bára mu. Èwo ni awakọ̀ tí ó fẹ́ kó ẹrù yóò tẹ̀ lé? Àdánù ni yóò gbẹ̀yìn rẹ̀.

Ní Oṣù Kejìlá ọdún 1991, Andrew Tridgell, akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì kan ní Canberra, ní ilẹ̀ Ọsirélíà, fẹ́ kí kọ̀ǹpútà kékeré rẹ̀ rí fáìlì inú kọ̀ǹpútà Unix. Kò sí ìwé tí ó ṣàlàyé èdè náà fún un. Ó fi sùúrù ṣọ́ ọ̀rọ̀ tí ń kọjá lórí wáyà, bí àlejò tí ó jókòó sí ilé oúnjẹ tí ó ń tẹ́tí sí àwọn onílé, títí ó fi mọ ìtumọ̀ wọn. SMB ni orúkọ èdè náà. Ó wá ọ̀rọ̀ tí lẹ́tà mẹ́ta wọ̀nyí wà nínú rẹ̀, ó sì rí Samba. Ọ̀fẹ́ ni ó fi iṣẹ́ náà fún gbogbo ayé.

Inú kọ̀ǹpútà Unix ni Samba ń gbé. Bí akọ̀wé bá bèèrè fáìlì láti inú Windows, Samba yóò kọ́kọ́ bèèrè orúkọ àti pásíwọ̀ọ̀dù rẹ̀, yóò wo ohun tí wọ́n gbà á láyè láti kà tàbí láti yí padà, kí ó tó fún un. Bí ó bá fẹ́ tẹ ìwé, Samba yóò gbà á, yóò sì fà á lé ètò ìtẹ̀wé Unix lọ́wọ́, èyí tí í to iṣẹ́ sórí ìlà. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan ṣoṣo lè tipa bẹ́ẹ̀ sin gbogbo ọ́fíìsì.

Síbẹ̀, ẹnu ọ̀nà tí ọ̀rẹ́ ń gbà wọlé ni olè náà lè gbà. Ní Oṣù Karùn-ún ọdún 2017, àrùn kọ̀ǹpútà tí a ń pè ní WannaCry gba inú àléébù kan nínú SMB àtijọ́ ti Windows wọlé. Ó ti fáìlì pa ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ó sì dí ilé ìwòsàn lọ́wọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Microsoft ti gbé àtúnṣe jáde ní oṣù méjì ṣáájú. Àwọn tí kò fi sí kọ̀ǹpútà wọn ni ìyà jẹ jù.

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ jọ lo nǹkan gbọ́dọ̀ mọ ẹni tí ó ń ṣílẹ̀kùn fún.

Ìbéèrè
1. Kí ni ó fà á tí ìwé ìṣirò kan fi lè di méjì?
2. Báwo ni Tridgell ṣe mọ èdè tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ?
3. Kí ni Samba ń ṣe kí ó tó fún ènìyàn ní fáìlì?
4. Ẹ̀kọ́ wo ni ọ̀ràn ọdún 2017 kọ́ wa?